Pupa Jinná, Funfun Kò Tíì Jinná

Ní gáréèjì yòówù téèyàn bá ti wọkọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹlẹ́yin kì í pẹ́ dé ojú fèrèsé. Abọ́ ńlá wà lórí rẹ̀, ẹyin sísè kún inú abọ́ náà, ata díndín sì wà nínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oníbàárà á na owó síta, ẹlẹ́yin á gbá ẹyin mọ́ etí abọ́, á bó o wàràwàrà, á fi òwú tàbí ọ̀bẹ là á, á ki ata sí àárín rẹ̀, á sì nà án wọlé kí dírẹ́bà tó fi ọkọ̀ sí jíà. Kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá ẹyin náà jinná. Ẹyin gáréèjì kò mọ nǹkan mìíràn ju jíjinná lọ: funfun rẹ̀ le, pupa rẹ̀ le, ó sì gbẹ débi pé omi lèèyàn á kọ́kọ́ wá lẹ́yìn tó bá jẹ ẹ́ tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí à ń rì sínú mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, tó ti jinná lẹ́ẹ̀kan kó tó tún padà sínú ìkòkò lọ jinná lẹ́ẹ̀kejì.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé irú ẹyin yìí kan náà ní tútù lọ sí ìlú kan ní Japan, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀, ohun tí wọ́n máa gbé fún wa á rú wa lójú. Pupa ẹyin ọ̀hún ti dì, funfun rẹ̀ ṣì rọ̀, ó ń mì lórí ṣíbí. Báwo ni inú ṣe lè jinná kí ẹ̀yìn tó jinná? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, ìkòkò ilé ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo àwọn nǹkan tí à ń gbé kaná. Iṣu le kó tó wọ ìkòkò, ó rọ̀ nígbà tó jáde. Ẹ̀wà bẹ́ẹ̀, ẹran bẹ́ẹ̀, pọ̀nmọ́ tó le jù wọ́n lọ náà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ iná ni kó rọ nǹkan. Ẹyin ló ń ṣe òdì: ó wọlé ní omi, ó jáde ní líle. Ẹ̀wà lílọ̀ tí a fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín tẹ̀ lé e, wàrà àwọn Fúlàní náà sì wà níbẹ̀, wàrà tí omi ewé bòmubòmu ń mú dì lórí iná. Ẹnìkan lè ní ògì náà ń dì. Òótọ́ ni, àmọ́ ti ògì yàtọ̀. Ẹ̀kọ tó ti dì, bí a bá da omi gbígbóná lé e tí a pò ó, á tún tú padà fún ẹni tó fẹ́ mu ún. Ẹyin tó bá ti dì, omi yòówù tí a ì báà dà sí i, kò padà sẹ́yìn mọ́.

Ohun tó so ẹyin, ẹ̀wà lílọ̀ àti wàrà pọ̀ ni purotéènì. Bí a bá pín funfun ẹyin sí ọ̀nà mẹ́wàá, omi ni mẹ́sàn-án nínú rẹ̀; purotéènì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo èyí tó kù. Ẹyọ purotéènì kọ̀ọ̀kan dà bí fọ́nrán òwú gígùn kan tí wọ́n ká jọ di kókó. Nígbà tí ẹyin ṣì wà ní tútù, kókó kọ̀ọ̀kan ń léfòó nínú omi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí òdìkejì funfun ẹyin tútù kedere. Bí ooru bá dé, kókó á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á tú, apá tó fara pamọ́ sínú tẹ́lẹ̀ á yọ síta, á sì kọ́ mọ́ ti ẹlòmíràn. Títí tí a ó fi mọ̀, gbogbo òwú ti lọ́ mọ́ra wọn, omi sì há sáàárín. Omi náà kò lọ síbì kankan o, ibi tó máa gbà jáde ni kò rí. Lára àwọn òwú tó lọ́ mọ́ra yìí ni ìmọ́lẹ̀ ti ń ta padà, tí ojú wa fi ń rí i ní funfun. Bí iná bá sì tún ń jó lọ láìdúró, òwú á máa fún mọ́ra sí i, á máa fún omi inú rẹ̀ jáde, funfun ẹyin á wá le gbagidi, á máa yọ̀ lábẹ́ eyín.

Ará China kan tó ń jẹ́ Hsien Wu ló là á sílẹ̀ gbangba ní ọdún 1931 pé títú ni purotéènì ń tú nígbà tí ooru bá bá a. Kò já sí wẹ́wẹ́, kò sí nǹkan àjèjì tó kún un. Òwú náà ni òwú àná. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ká a ló yí padà. Ẹyin lásán ló fún àwọn onímọ̀ ní ẹ̀kọ́ yẹn, nítorí ẹyin pọ̀, kò wọ́n, ó sì rọrùn láti wò.

Ibi tí ará Japan ti wá yà lọ́dọ̀ ẹlẹ́yin gáréèjì nìyí: purotéènì inú ẹyin pọ̀ ní oríṣiríṣi, ìwọ̀n ooru tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń tú kò sì dọ́gba. Nínú funfun, èyí tí wọ́n ń pè ní ovotransferrin ló kọ́kọ́ ń dì, ní nǹkan bí 61 tàbí 62°C. Òun kò pọ̀ púpọ̀. Ovalbumin, tó lé ní ìdajì purotéènì inú funfun, kì í mira títí ooru fi máa tó 80°C tàbí kó jù ú lọ díẹ̀. Pupa wà láàárín méjèèjì: ní nǹkan bí 65°C ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki, tó bá fi máa di 70°C ó ti dì. Nítorí náà funfun ló kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì ń kẹ́yìn. Gbogbo idán tó kù wà láàárín 62 àti 80 yẹn.

Omi tó ń hó ní Èkó jẹ́ 100°C. Ó ga ju gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyẹn lọ, kò sí èyí tí kò ní dì nínú rẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Ohun kan ṣoṣo tó ń dá ooru dúró ni pé ó ní láti rìn láti ẹ̀yìn wọ inú, funfun ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá yọ ẹyin lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, ooru ti bá funfun jà tán, kò tíì dé ọ̀dọ̀ pupa. Tó bá fi í sílẹ̀ di ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí méjìlá, pupa náà ti gbà. Kíkó igi kún ìdí ìkòkò kò yí èyí padà: omi tó bá ti ń hó kò tún gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, á kàn máa gbẹ ni, á sì máa gbá ẹyin mọ́ ẹyin títí èèpo wọn á fi sán.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn ẹyin ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn. Wọ́n á gbé e dúró sínú ife kékeré, wọ́n á bẹ́ orí rẹ̀, wọ́n á máa ti búrẹ́dì tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú pupa tó ń ṣàn. Ọmọ Yorùbá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, tí wọ́n gbé irú rẹ̀ síwájú, á rò pé gáàsì ló tán mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ti Japan kò fi ìṣẹ́jú ṣe é, ìwọ̀n ooru ni wọ́n fi ṣe é. Òkè ayọnáyèéfín pọ̀ nílẹ̀ náà, ìsun omi gbígbóná sì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Onsen ni wọ́n ń pè é, ẹyin tí wọ́n sè nínú rẹ̀ sì ń jẹ́ onsen tamago. Níbi tí omi bá ti wà láàárín 65 àti 70°C, wọ́n á kó ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á rì í, wọ́n á bá tiwọn lọ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀. Omi yẹn kò hó rárá. Ooru á rìn títí á fi dé àárín, gbogbo ẹyin á wá gbóná dọ́gba, ẹ̀yìn àti inú. Ohun tí kò lè ṣe ni kó tó 80. Pupa á gba tirẹ̀, á dì, á dán, kò ní gbẹ. Nínú funfun, kìkì ovotransferrin ló dáhùn. Ovalbumin ṣì ń sùn. Wọ́n á fọ́ ọ sínú abọ́ kékeré, wọ́n á da omi ẹja gbígbẹ tí wọ́n pò mọ́ omi sóyà lé e, ṣíbí ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. A lè pa á tì pé kò jinná. Àmọ́ iṣẹ́ tí omi ẹyin gáréèjì kò lè ṣe láéláé ni omi yẹn ṣe: ó se ohun tó wà nínú, ó dá ohun tó wà lẹ́yìn sí.

Àwa náà ní ìsun tiwa, ní Ìkógòsì ní Èkìtì, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé. Kí ẹnikẹ́ni má kó ẹyin lọ síbẹ̀ o. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ yẹn kò ju nǹkan bí 37 tàbí 38°C lọ, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n ooru tó wà lábẹ́ àgbébọ̀ adìẹ tó ń sàba. Irú ooru tó ń sọ ẹyin di òròmọdìẹ ló wà ní Ìkógòsì. Láti ibẹ̀ dé ibi tí funfun ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì, kò ju nǹkan bí 25°C lọ. Ohun kan náà tó ń bí adìẹ, tí a bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún un, oúnjẹ àárọ̀ ni.

Ní Hakone, tí kò jìnnà sí Tokyo, àfonífojì kan wà tó ń jẹ́ Owakudani. Èéfín imí ọjọ́ ń rú níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ẹyin ibẹ̀ ló sì lókìkí jù. Òun kì í ṣe ẹyin rírọ̀ o: ó jinná, ó le, ẹlẹ́yin wa á mọ̀ ọ́n lẹ́nu bó bá jẹ ẹ́. Èèpo rẹ̀ ló yàtọ̀, dúdú kirikiri. Irin tó wà nínú omi ìsun náà lẹ̀ mọ́ èèpo, afẹ́fẹ́ onímí-ọjọ́ bá a níbẹ̀, méjèèjì dà pọ̀ di dúdú. Bí a bá bó o, funfun ló wà nínú. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ ẹyọ kan, ọdún méje ló fi kún ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹlẹ́mìí méje tiwọn nìyẹn, láìsí ẹ̀wà.

Ẹni tó bá sì rò pé ìdàpọ̀ irin àti imí ọjọ́ yẹn jìnnà sí wa, kó la ẹyin gáréèjì kó wò ó. Òrùka aláwọ̀ eérú tó fara jọ àwọ̀ ewé, tó máa ń yí pupa ká, òun náà nìyẹn. Imí ọjọ́ wà lára purotéènì funfun, irin wà nínú pupa. Bí ẹyin bá pẹ́ jù lórí iná, afẹ́fẹ́ onímí-ọjọ́ á jáde lára funfun, á sá wọ àárín, á pàdé irin ní ààlà àwọn méjèèjì. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé ẹyin tó bá ní òrùka yẹn ti bàjẹ́, pé kí á gbé e sọnù. Kò bàjẹ́, kò sì ní májèlé. Ó kàn pẹ́ lórí iná ni, tàbí wọ́n fi í sílẹ̀ sínú omi gbígbóná tí wọ́n fi sè é títí omi náà fi tutù fúnra rẹ̀. Ẹyin tí wọ́n bá kó sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀ kì í sábà ní in.

Mo sọ pé omi tó ń hó ní Èkó jẹ́ 100°C. N kò ṣèèṣì dárúkọ Èkó. Bí èèyàn bá ṣe ń gun òkè ni afẹ́fẹ́ tó tẹ omi mọ́lẹ̀ ń dín kù, omi á sì máa tètè hó. Ó ń lọ sí nǹkan bí 1°C fún gbogbo 300 mítà. Ní Jọ́ọ̀sì, tó ga ju 1,200 mítà lọ, nǹkan bí 96°C ni omi ń hó. Ní Lhasa ní Tibet, nǹkan bí 88°C ni. Charles Darwin bá a pàdé ní ọdún 1835, nígbà tó ń gun òkè Andes láti Chile kọjá lọ sí Mendoza: ọ̀dùnkún wà lórí iná mọ́jú, omi ń hó, ọ̀dùnkún kò rọ̀. Àwọn tó bá a rìn gbé ẹ̀bi náà ka ìkòkò lórí, torí pé tuntun ni wọ́n rà á. Lórí ṣóńṣó Everest, omi ń hó ní nǹkan bí 70°C. Ẹlẹ́yin gáréèjì tó bá débẹ̀, á sè é títí, á fẹ́ná títí, onsen tamago ló máa tà.

Ti bíbó èèpo kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ló ń ṣòro bó jù, tí funfun á máa bá èèpo lọ. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide wà nínú ẹyin tuntun; ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò wẹ́wẹ́ ló wà lára èèpo, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà ń gbà sá jáde díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣe ń lọ, funfun á máa pàdánù kíkan rẹ̀, dídi mú tó di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ èèpo mú á sì máa dẹ̀. Ẹyin tó ti lo ọ̀sẹ̀ kan nílé, tí a gbé sínú omi tó ti ń hó tẹ́lẹ̀, kì í fi èèpo da èèyàn láàmú.

Ooru nìkan kọ́ ló sì ń tú òwú purotéènì. Àwọn ará China ní ẹyin kan tí wọ́n ń pè ní pidan, tí kò fojú kan iná. Ẹ̀fun líle, eérú, iyọ̀ àti tíì ni wọ́n pò pọ̀ tí wọ́n fi bo ẹyin náà pẹ̀lú èèpo rẹ̀, wọ́n á wá gbé e tì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Agbára inú eérú yẹn á wọ inú èèpo, á ṣe iṣẹ́ tí iná ì bá ṣe. Funfun á di ohun dídì tó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n dúdú. Pupa á ṣú, á yí sí àwọ̀ ewé, á sì máa rùn gidi. Àwọn ìyá wa mọ agbára eérú yẹn. Eérú èèpo kòkó ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Wọn kò kàn fi ẹyin dán an wò ni. Ní tèmi, mo yọ̀ǹda ìyẹn fún àwọn tó ni ín.

Mo sọ níṣàájú pé ẹyin tó bá ti dì kò padà sẹ́yìn mọ́. Nínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ló rí. Nínú yàrá ìwádìí, ó ti yàtọ̀. Gregory Weiss ní Yunifásítì California ní Irvine àti Colin Raston ní Australia pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú funfun ẹyin tó ti jinná, wọ́n fi urea yọ́ ọ, urea tó wà nínú ìtọ̀ àti nínú ajílẹ̀, wọ́n wá fi ẹ̀rọ kan fi í yí kíákíá nínú páìpù gíláàsì, títí tí òwú ọ̀kan lára purotéènì rẹ̀, tó ń jẹ́ lysozyme, fi padà ká jọ bó ṣe wà kó tó jinná. Wọ́n gba ẹ̀bùn Ig Nobel fún un ní ọdún 2015, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ìwádìí tó kọ́kọ́ pani lẹ́rìn-ín kó tó mú èèyàn ronú. Iṣẹ́ náà wúlò fún àwọn tó ń ṣe oògùn onípurotéènì. Kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹyin ọ̀hún.

Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2025, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Federico II ní Naples ní Ítálì gbé ọgbọ́n mìíràn jáde. Wọ́n fẹ́ kí funfun dì dáadáa kí pupa sì dà bíi ti onsen, nínú ẹyin kan ṣoṣo, láìfọ́ ọ. Omi méjì ni wọ́n fi ṣe é: ọ̀kan ń hó ní 100°C, ìkejì wà ní 30°C. Ìṣẹ́jú méjì nínú gbígbóná, ìṣẹ́jú méjì nínú tútù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹyin lọ gbé e bọ̀ títí tó fi pé ìṣẹ́jú 32. Funfun tó wà lẹ́yìn ń gbóná ó ń tutù, ó ń rí ooru tó máa fi dì. Pupa tó wà lágbedeméjì kò mọ gbogbo ìrìn-àjò yẹn. Ní tirẹ̀, ó dúró ní nǹkan bí 67°C. Ìṣirò náà péye, ó sì wù mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kò ní dúró ti ìkòkò méjì fún ìṣẹ́jú 32 nítorí ẹyin kan.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò yẹ kí á fi ṣeré, kòkòrò Salmonella. Ó lè wà nínú ẹyin tó mọ́ tónítóní lójú, ẹyin tí pupa rẹ̀ ṣì ń ṣàn nítorí pé a tètè yọ ọ́ lórí iná lè gbé e wọ ikùn. Ní ọdún 1988, mínísítà kan ní Britain, Edwina Currie, sọ̀rọ̀ nípa Salmonella nínú ẹyin orílẹ̀-èdè náà. Ọjà ẹyin dẹnu kọlẹ̀, òun náà fi ipò sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún adìẹ lábẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ń tẹ àmì kìnnìún sára ẹyin tó bá tẹ̀ lé ìlànà. Ọdún 2017 ni ìjọba tó sọ fún àwọn aláboyún, àwọn ọmọdé àti àwọn àgbàlagbà pé wọ́n lè jẹ èyí tó bá ní àmì náà ní rírọ̀. Ẹyin tí à ń rà ní kíréètì ní Bódìjà tàbí ní Mile 12 kò ní àmì kìnnìún lára.

Láyé àtijọ́, wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ló máa dà. Ìyẹn ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ọmọ ti ń jẹ ẹyin báyìí, ó sì dára fún wọn. Ẹ dín iná kù bí omi bá ti hó, ẹ gbé ẹyin sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí méjìlá, ẹ kó o sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: pupa á le, kò ní gbẹ jù, òrùka kò sì ní yọ. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ti Japan wò, kó wá ẹyin tó dá a lójú. Àmọ́ èyí tí ẹ kò bá mọ oko tó ti wá, pàápàá bí aláboyún tàbí ọmọ kékeré ló máa jẹ ẹ́, ẹ sè é títí pupa rẹ̀ yóò fi le.